Ìyá Àgbà Wọ Ilé Kéwú

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì kan ló bẹ̀rẹ̀. Mo wà níwájú ilé wa ní Àgbówó, mò ń wo fóònù mi bóyá ilé iṣẹ́ kankan ti fèsì, nígbà tí ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ní kí n bá àwọn bi Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lẹ́yìn ilé wa léèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń gba àgbàlagbà."

"Àgbàlagbà wo, Ìyá?"

"Èmi. Àbí o rí àgbà mìíràn níbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé Ìyá ò bá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà mí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ẹ̀rù náà, nítorí èmi ni ẹ̀rù máa ń bà jù nínú ilé wa. Mo ti parí yunifásítì, mo ti sin ilẹ̀ baba mi, mo ti padà délé, kò sì sí iṣẹ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń jí pẹ̀lú ìrònú pé àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ, pé ó ti pẹ́ jù fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí o! Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún sọ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti álífù, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú kéwú, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n á fi Ìyá ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé mo fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn ti ń rí irú àyà bẹ́ẹ̀.

Bọ́tìnnì, òwú àti síìpù ni Ìyá ń tà ní Dùgbẹ̀ títí orúnkún wọn fi kọ̀. Àwọn ọmọ wọn fẹnu kò pé kí wọ́n sinmi. Ìyá sì sinmi lóòótọ́. Wọ́n ń jókòó sórí àga onírọ̀bà níwájú ilé, wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n sì ń jí pẹ̀lú ìbínú. Nígbà ọmọdé, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi wọ ilé kéwú kí ìyá wọn tó mú wọn kúrò kí wọ́n lè máa kiri ọjà. Láti ìgbà náà, etí lásán ni wọ́n fi mọ Àlùkùránì.

"Mo ti gbọ́ ọ tó," ni Ìyá wí fún mi ní Àlàmísì yẹn. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà á. Wọ́n ní kí n sinmi. Mo ti sinmi tán."

Ààfáà ò dàgbà tó àbígbẹ̀yìn Ìyá. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé wọn, wọ́n fọwọ́ ra irùngbọ̀n, wọ́n ní kí Ìyá máa bọ̀.

Báyìí ló ṣe di pé mò ń gbé àga lọ sí ilé kéwú nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé á wà lórí ẹní, Ìyá á wà lórí àga nítorí orúnkún, èmi á dúró lẹ́yìn, ìtìjú á máa mú mi dípò wọn. Kò pẹ́ tí Ìyá fi pe lẹ́tà báù ní táù. Ẹni tó bá ṣì í máa ń na ọwọ́ síwájú, Ààfáà á sì fi pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án. Ìyá na ọwọ́ wọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè nà yín," ni Ààfáà wí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Ṣé èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni? Ẹ nà mí."

"Ìyá tó bí mi ò ní dárí jì mí tí wọ́n bá gbọ́."

"Ó dáa. Ẹ na ọmọ ọmọ mi yìí dípò mi. Ó gboyè, ọwọ́ ẹ̀ á gbà á."

Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká fa ìró Ìyá. "Ìyá, èyí tó ní àmì kan nísàlẹ̀ ni báù. Àná náà ni mo sọ fún yín."

"Ṣé kí n kúnlẹ̀ fún ẹ ni?"

"Rárá o. Ẹ ṣáà rántí."

Ìgbà náà ló yé mi pé Ìyá ò rí àwọn àmì náà rárá. Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ring Road. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi awò kà, wọ́n dáhùn "Àlùkùránì" bí ẹni tó ń dárúkọ ọkọ àfẹ́sọ́nà. Nínú takisí tó gbé wa padà, wọ́n gbé awò wọ̀, wọ́n fi ojú tuntun náà wò mí dáadáa.

"Háà. O mà ti rù o."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ka kéwú lẹ́yìn ìrun àsùbáà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe fún mi gan-an. Tẹ́lẹ̀, ìdààmú ló máa ń jí mi. Nígbà tó yá, ohùn Ìyá ló ń jí mi, ìdààmú ń pẹ́ kó tó dé, ní ọjọ́ mìíràn kì í dé rárá.

Ààwẹ̀ méjì kọjá kí Ààfáà tó sọ pé Ìyá ti kà á dé òpin, pé ó ku wòlímọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ẹni tó parí Àlùkùránì máa ń jókòó níwájú jámáà láti ka apá kan nínú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn gbọ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ìyàwó la sábà máa ń rí lórí àga wòlímọ̀. Ọmọbìnrin á kà á láàárọ̀, wọ́n á so yìgì rẹ̀ lọ́sàn-án. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá ra léèsì funfun, tí wọ́n ń pe ènìyàn, àwọn obìnrin àdúgbò ní Ìyá ń lọ sílé ọkọ. Wọ́n tilẹ̀ ti mú ọkọ náà: bàbá olórí pípá kan tí ìyàwó wọn ti kú, tí wọ́n máa ń wà ní sàfù iwájú ní mọ́sáláṣí. Ọ̀rọ̀ náà rìn dé Bódìjà, ó rìn dé Challenge, ibẹ̀ ni ẹnì kan ti bọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́wọ́, tó ní, "Ẹ kú oríire o. A gbọ́ pé Màmá ń ṣègbéyàwó."

Olúyọ̀lé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí ń gbé, a sì ń pè wọ́n ní Dádì Olúyọ̀lé. Àdúrà ni wọ́n rò pé Ìyá ń lọ ṣe ní ilé kéwú. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n já wọlé.

"Mọ́mì, ta ni ọkùnrin náà?"

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́!"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò, tí wọ́n nu ojú. "O ò mú un dání? Tó bá lè fọ abọ́, ní kó máa bọ̀."

Mo sáré ṣàlàyé. Ojú Dádì Olúyọ̀lé rọ̀, ó sì tún le.

"Ìyẹn gan-an ló burú jù. Níwájú èrò? Tí ẹ bá gbàgbé ńkọ́? Wọ́n á ní a ò tọ́jú yín, pé àárín àwọn ọmọ kéékèèké la fi yín sí. Mọ́mì, ẹ wá sí Olúyọ̀lé. Yàrá yín wà nílẹ̀. Iná kì í lọ níbẹ̀."

"Yàrá náà dáa. Kí ni kí n máa ṣe nínú ẹ̀?"

"Ẹ máa jẹun, ẹ máa sùn."

"Ohun tí ìwọ ń ṣe nìyẹn nígbà tí mo bí ẹ. Ìwọ fi dàgbà. Èmi ti dàgbà tán."

Dádì ò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Tí ẹ bá kà á parí tí ẹnikẹ́ni ò rán yín létí, mi ò ní dárúkọ Olúyọ̀lé mọ́. Tí ẹ bá nílò kí wọ́n rán yín létí, ẹ ó bá mi lọ lọ́jọ́ náà."

"Mo gbà," ni Ìyá wí.

Èmi ni mi ò gbà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo ń fetí sí kíkà wọn ní àsùbáà, mò ń ka iye ìgbà tí wọ́n dúró.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, wọ́n ta ìbòòrùn síwájú mọ́sáláṣí. Àwọn obìnrin tó wá wo ọkọ ìyàwó ń yọjú kiri. Bàbá olórí pípá náà wá, Dádì Olúyọ̀lé sì lọ jókòó sẹ́yìn wọn gẹ́lẹ́ bí ọlọ́pàá. Ìyá jókòó nínú léèsì funfun, wọ́n gbé awò wọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn kọ́kọ́ tín-ín-rín, ó sì ń nípọn sí i bí wọ́n ṣe ń lọ.

Nígbà tí wọ́n kà á dé àárín, wọ́n dúró.

Mo rí Dádì tí wọ́n ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú agbádá. Ààfáà la ẹnu. Ọmọbìnrin tí eyín rẹ̀ ká ti fẹ́ dìde. Ìyá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má rán mi létí o. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mí ná."

Lèmọ́mù pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá ti awò sókè, wọ́n fi ìka sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, wọ́n sì tún un kà. Wọ́n kọjá ibi tó dá wọn dúró. Wọ́n kà á, kà á, títí dé òpin, kò sì sí ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ kéwú fò sókè, wọ́n ké "Allāhu Akbar" débi pé ìbòòrùn mì. Bàbá olórí pípá pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ. Dádì Olúyọ̀lé dìde, wọ́n nà gbalaja sórí iyanrìn níwájú ìyá wọn.

"Mọ́mì, ẹ yege. Ibi tí ẹ wà yìí ni kí ẹ wà."

"Dìde, agbádá ẹ ń dọ̀tí. Ìgbà wo ni ìwọ náà máa bẹ̀rẹ̀?"

Mo sunkún níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹkún náà yé yín. Ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìtura wà nínú rẹ̀. Mo rí ẹni tó lé ní àádọ́rin tó bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun, tó ṣì í níṣojú àwọn ọmọdé, tó sì parí rẹ̀ níṣojú àwọn àgbà. Ta ló wá sọ pé tèmi ti pẹ́?

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń gbé ní òdìkejì títì wa, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ Ìyá, ọmọ ìjọ Aládùúrà, wọlé tọ̀ wá wá pẹ̀lú Bíbélì ńlá lábẹ́ apá.

"Ìwọ ti ka tìẹ," ni wọ́n wí fún Ìyá. "Orí ni mo fi mọ gbogbo Sáàmù tí mò ń kà. Tí mo bá dorí Bíbélì kodò, mi ò mọ̀. Èmi náà fẹ́ ka tèmi."

Ìyá ò tilẹ̀ wo ojú mi. "Wá lọ́la. Ọmọ ọmọ mi á kọ́ ẹ. Ó gboyè."

"Oyè kí ni?"

"Oyè ewéko."

"Ewéko?"

"Ẹni tó mọ ewé á mọ a, b, d."

Wọ́n wá lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, wọ́n sì ń wá títí di òní. Ọ̀rẹ́ wọn kan láti Bódìjà ti ní òun náà ń bọ̀. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já, nítorí mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé láti a, b, d ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, àbí láti inú Sáàmù tí wọ́n ti mọ̀ sórí? Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí pẹ́ńsù: ṣé kí n fi kíkọ sílẹ̀ ná, kí a dojú kọ kíkà? Tí àwọn mìíràn bá sì wá, ṣé kí n sọ ọ́ di iṣẹ́ mi, àbí kí n máa wáṣẹ́ lọ? Kí ni ẹ̀yin á ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin?