Omi Òkè Ilé àti Abọ́ Tí Mi Ò Dá Padà

Òórùn aṣọ tútù tó há sínú yàrá, tó dà pọ̀ mọ́ ti ṣìmẹ́ǹtì àtijọ́, kò kúrò nímú mi mọ́. Yábà ni mò ń gbé nígbà náà, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Pálọ̀ mi náà ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àjọ tí mo kó ra maṣíìnì tó ń fi kọ̀ǹpútà kó iṣẹ́ sára aṣọ, òun ló sì ń bọ́ èmi àtàwọn ọmọ mi. Bí mo bá ń nù ún, ọ̀rẹ́ mi, ṣe ni mò ń rọra bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Lókè orí mi gan-an, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń gbé. Àǹtí ló ń pè mí, kì í sì í ṣe Àǹtí ẹnu lásán. Bó bá se ẹ̀wà, á gbé tèmi wá nínú abọ́ aláwọ̀ ewé kan. A kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo, nítorí náà èmi náà á bu mọ́ínmọ́ín sí i. Bí abọ́ yẹn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mi ló wà lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò síná tí wọ́n máa fi fa omi sí táǹkì, ẹ̀rọ omi gbẹ táútáú. Mo lọ ra òwú lọ́jà Tẹ́júọ́ṣọ́. Nígbà tí mo fi dé, iná ti dé, mo sì ń gbọ́ tó, tó, tó látẹnu ọ̀nà. Mo rò pé òjò ni, àmọ́ oòrùn ń ràn níta. Mo ṣílẹ̀kùn, omi ti bo ilẹ̀. Ojú ihò gílóòbù ló ti ń ṣàn, ó ń dà sórí maṣíìnì mi, wáyà rẹ̀ sì wà lára iná.

Bí mo bá wọlé, iná lè gbé mi; bí mi ò bá wọlé, iṣẹ́ mi ló ń kú lọ lójú mi yẹn. Mo sá lọ sídìí mítà lẹ́yìnkùlé, mo pa iná gbogbo ilé. Mo gòkè, ilẹ̀kùn ọmọbìnrin náà wà ní títì, omi ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e. Bàbá onílé sáré ti ẹnu táǹkì, síbẹ̀ omi tó ti kún òkè ò yéé jò. Nígbà tí èmi àti bàbá fi jọ gbé maṣíìnì kúrò, omi ló ń ti inú rẹ̀ dà. Ẹni tó ń tún maṣíìnì ṣe wò ó, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà dé, ó kúnlẹ̀ sínú omi.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀, omi ò yọ, mi ò sì rántí tì í.”

Ta ni kò tíì ṣe irú ẹ̀ rí nínú wa ní Èkó yìí? Àmọ́ inú ń bí mi. Àwọn ará ilé ń kí mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ní ẹ ṣeun. Mo wá bi bàbá onílé bóyá ìnṣọ́ránsì tó fi ń yangàn, èyí tó ń sanwó sí kí wọ́n lè bá a tún ilé ṣe bó bá bà jẹ́, lè ràn mí lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, ilé nìkan ni tèmi mọ̀. Ẹrù ayálégbé, ọwọ́ ayálégbé ló wà.”

Kò parọ́. Láìpẹ́ wọ́n fi owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀ tún àjà ṣe, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Èmi á jókòó sábẹ́ rẹ̀, màá máa wo ibi tí maṣíìnì mi wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà ń san owó maṣíìnì náà díẹ̀díẹ̀ látinú owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè wojú mi mọ́, èmi náà ò sì mọ ohun tí mo lè bá a sọ ju “o ṣeun” lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ti kó lọ sí Ìwáyà tí kò jìnnà sí wa.

Oníbàárà mi kan tó ń ta ìnṣọ́ránsì ló là mí lójú, níbi tí mo ti ń wọ̀n ọ́n. Ó ní ti ayálégbé wà lọ́tọ̀ fún ẹrù inú ilé, òmíràn sì wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí omi rẹ bá ba ẹrù ẹlòmíì jẹ́, wọ́n á bá ọ san án. Mo dá tépù dúró. Èmi tó máa ń sọ pé Ọlọ́run ni ìnṣọ́ránsì mi. Ọlọ́run náà ṣì ni, àmọ́ ká ní ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ní ìwé yẹn ni, maṣíìnì nìkan ni ì bá bàjẹ́.

Mo gba ìwé tèmi. Nígbà tí oníbàárà náà wá wo ẹrù mi, mo ń dárúkọ wọn fún un: maṣíìnì mìíràn tí mo ti rà, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n. Ó kan abọ́ aláwọ̀ ewé tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

“Eléyìí ńkọ́, Àǹtí?”

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” mo wí. “Kì í ṣe tèmi.”

Mo ti se mọ́ínmọ́ín láìmọye ìgbà látìgbà náà. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé e dé Ìwáyà.