Ìyá Àgbà Tó Ń Gbálẹ̀ fún Ọkọ̀ Ojú Irin

Ṣáà, ṣáà, ṣáà. Ìyá àgbà mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀ ojú irin, ọwọ́ kan lẹ́yìn, ọwọ́ kejì lórí ìgbálẹ̀ imọ̀ dàbínù. Ọkọ̀ náà ń wúkọ́ tẹ̀lé e bí àna tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ ńlá ni o. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ni, ó ń kó iyọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń sá omi òkun lẹ́yìn àdúgbò Sabeel, ní Jeddah, lọ sí etíkun. Àwọn tó to irin rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí yanrìn bá bo irin, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yẹ̀, iyọ̀ á dànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ìyá àgbà mi, tí wọ́n ń pè ní Àlàájà, síṣẹ́ gbígbálẹ̀: arúgbó tó wá ṣe Hájì láti Ìwó tí kò padà mọ́. Kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Ọ̀gá ibẹ̀ ló ń gbà á sílẹ̀ bí ọlọ́pàá bá béèrè ìwé. Bí iṣẹ́ bá bọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á dá a padà sílé.

Èmi ni mo ń gbé omi rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá pàdé lójú irin ló ń kí: kú iṣẹ́, kú oòrùn, ọmọ ńkọ́? Ọkọ̀ á dúró de ìkíni. Awakọ̀, ará Yemen, ti mọ̀ ọ́n jẹ́ “Òo.”

Lọ́jọ́ kan, ìjì jà títí ìrun àsárì fi kọjá. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀, a ò rí irin mọ́, oòrùn sì ti ń wọ̀. Ọ̀gá sáré dé. Ó ní ọkọ̀ ojú omi fẹ́ ṣí. Bí iyọ̀ ò bá dé, onílọ́rì ni yóò gbaṣẹ́ lọ́la. Kí Àlàájà gbá a kíá.

Ìyá àgbà wo ojú ọ̀run, ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

“Sọ fún un pé n kì í gbálẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀. Ire là ń gbá síta.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Lárúbáwá. Ọ̀gá ní ìta gbangba ni ibí, kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà ní ibi tí òun ti ń jẹun nilé òun.

“Màmá,” mo ní, “wọ́n á dá yín padà.”

Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì bu yanrìn sínú rẹ̀.

“Èyí kì í ṣe gbígbá. Sọ fún ọ̀gá ẹ kó káṣọ sókè.”

Mi ò sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, orí mi ò dàrú. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn alágbàrù. Nígbà tó yá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun gbọọrọ rẹ̀, ó ń ráhùn, ó ń bu yanrìn. Ọkọ̀ ń rá bọ̀ lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé etíkun, àwọn atukọ̀ ṣì wà lórí ìrun mọ̀gàríbì. Iyọ̀ wọ ọkọ̀ wọn.

Lọ́rì padà gbaṣẹ́ náà ṣá, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti bá ìyá àgbà ṣe ìkámà kí ó tó dìgbà náà. Ó sọ pé òun ò lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mẹ́kà ni mò ń gbé báyìí, ní àdúgbò Rusaifah. Mo kàwé, ẹnu mi sì mú, àwọn ọmọ mi lè jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan nínú oúnjẹ mi àti ohun tí mo gbà gbọ́, ẹnu kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Orúnkún mi ni. Á ti máa wá ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí.