Màmá mi kúnlẹ̀ tòun ti abẹ́rẹ́ lára

Ẹ̀yin èèyàn mi, màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín ní Ṣàgámù lónìí!

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ níkùn fún wọn. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, àmọ́ ìrora ò lọ. Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, ká tó wá sọ pé wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Ni dókítà bá ní ká gbìyànjú abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n máa ń gún sára, tí wọ́n á fi síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ìrora lè rọlẹ̀.

Màmá tó fo fèrèsé ilé ìwé l'Óde Rẹ́mọ ní nǹkan bí 1957 nítorí abẹ́rẹ́! Ẹ̀gbọ́n wọn, Ìyá Ìbídó, ló lé wọn mú lọ́jọ́ náà.

Òní ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tí wọ́n máa gún abẹ́rẹ́ yìí fún wọn. Abẹ́rẹ́ wà lápá, létí àti níwájú orí, màmá ń hanrun. Ni Ìyá Ìbídó bá ṣílẹ̀kùn wọlé.

Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, màmá ti sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kúnlẹ̀ gbì!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o!"

Nọ́ọ̀sì figbe ta: "Màmá! Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára yín o!"

Ìyá Ìbídó ò tiẹ̀ wo abẹ́rẹ́. Omijé ti lé ròrò sójú wọn. "Ẹ wò ó, àbúrò mi kúnlẹ̀!"

Ìgbà yẹn ló tó yé wa. Màmá wo orúnkún ara wọn nílẹ̀: "Háà! Èmi náà rèé?"

Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ta ni ìyá tiẹ̀ náà lè gbàgbé abẹ́rẹ́ lórí, tí ò ní gbàgbé àtikí ẹ̀gbọ́n?