Abọ́ Ẹ̀wà Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Ṣí

Ọmọ mi kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. Ohun tí a pàdánù nìyẹn, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò mọ irú sùúrù tí a fi kọ́ ọmọ náà ní oúnjẹ ọ̀hún.

Nígbà tí dókítà sọ fún mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, tí ó sì kìlọ̀ pé bí n kò bá tún oúnjẹ mi ṣe, oògùn ni n óò máa lò títí ayé, èmi àti ìyàwó mi pinnu pé gbogbo ilé ni yóò yí padà, kì í ṣe èmi nìkan. A dín búrẹ́dì funfun kù. A lé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nínú fìríìjì wa. Ẹ̀fọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n lórí tábìlì, ẹ̀wà sì di oúnjẹ pàtàkì. Ọmọbìnrin wa, tí kò tíì wọ ilé ìwé nígbà náà, kọ́kọ́ ń tu ú jáde. A kò nà án, a kò sì tàn án. Ìyàwó mi kàn fún un ní iṣẹ́: ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, òun ni yóò máa bó ẹ̀wà tí a bá rẹ sómi fún mọ́ínmọ́ín. Yóò jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Àgùdà, yóò ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́, yóò máa fọwọ́ ra á títí èèpo yóò fi léfòó, yóò sì máa bá èèpo náà wí pé kó máa lọ sílé ẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ẹ̀wà yóò fẹ́ tọ́ ọ wò. Nígbà tó yá, òun ló ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa, tí ó ń fi ẹja yíyan jẹ ẹ́, tí ó sì ń lá abọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí ó fi dé kíláàsì kẹta ní ilé ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ kan, ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ padà wálé láìṣí i. Ó ní Àǹtí kíláàsì àwọn ti sọ pé oúnjẹ tó bá ń rùn kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì mọ́, pé ẹ̀wà wà lára wọn, ẹja náà wà lára wọn, àti pé bisikíìtì àti ohun mímu inú páálí ni kí àwọn òbí máa fún ọmọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fún un lórúkọ: Ìyá Ẹlẹ́wà.

Ìpàdé àwọn òbí bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà. Inú kíláàsì àwọn ọmọ gan-an ni wọ́n ti ṣe é. A jókòó sórí àga kékeré, eékún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Lára ògiri, lẹ́yìn obìnrin tó ni ilé ìwé náà, ni wọ́n lẹ àwòrán ńlá kan mọ́, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa oúnjẹ aṣaralóore: ẹ̀wà nìyí, ẹja nìyí, ẹyin, ẹ̀fọ́, ọsàn. Mo dìde, mo béèrè ìdí òfin tuntun náà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ilé ìwé òun kì í ṣe búkà, pé àlejò máa ń wọlé, òórùn ẹ̀wà kò sì bójú mu.

"Àti pé, Dádì," ó tẹ̀síwájú, "ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ̀wà ń ṣe nínú ikùn. Wọ́n á kàn máa só fún wa káàkiri kíláàsì ni."

Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó jókòó tì mí fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ máa jẹ tiyín nílé."

"Tí ẹnikẹ́ni bá só, ẹ ṣí fèrèsé," ni mo dá obìnrin náà lóhùn. "Ṣùgbọ́n, Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú wo ẹ̀yìn yín. Kí ló wà lára ògiri yẹn?"

Ó wo ẹ̀yìn. Ó ní ìyẹn wà nínú ètò ẹ̀kọ́. Ó sì yí ọ̀rọ̀ sí ti aṣọ ìdárayá àwọn ọmọ.

N kò gbà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wà ni mo ń dì fún ọmọ mi láràárọ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni Àǹtí ń gbé abọ́ náà sí pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń wà títí wọn yóò fi jáde ilé ìwé. Ìyàwó mi ló sọ fún mi níkẹyìn pé ọmọ ni ebi yìí ń pa, kì í ṣe Màdáámù. Bisikíìtì bọ́ sínú àpò ọmọ mi. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí ìgbẹ́ yíyà di ẹkún fún un. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò béèrè ohun tó ń jẹ, ó sì mi orí. A gbé ẹ̀wà fún un nílé, ó ti abọ́ sẹ́yìn. Ó ní oúnjẹ olóòórùn ni. Nígbà tí Sátidé dé, kò jókòó sórí àpótí mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń múra ìdánwò, mo gbọ́ tó ń ké ẹ̀kọ́ rẹ̀ sókè: oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin. Mo bi í pé kí ló dé tó ń ké ohun tí kò fẹ́ fojú rí.

"Ti ìdánwò nìyẹn, Dádì," ó dáhùn láìgbójú sókè. "Kì í ṣe ti jíjẹ."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. A ṣì ń se ẹ̀wà ní Sátidé; èmi ni mò ń bó o báyìí, mo sì ń gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. N kò ní yéé gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwé náà, ẹ̀yin Àǹtí tí ẹ gbé abọ́ ọmọ mi sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni gbé pàǹtí, ẹ̀yin aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ ń yẹ kíláàsì wò, tí ẹ ń rí àwòrán tí ẹ kì í rí abọ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ rẹ́rìn-ín: ta ló fún yín láṣẹ láti kọ́ ọmọ mi pé oúnjẹ rere wà fún ìdánwò, àti pé ìtìjú ni kéèyàn jẹ ẹ́? Ẹ má pè mí sí kọ̀rọ̀. Ojú gbogbo ayé ni ẹ ti dójú ti ọmọ mi. Ojú gbogbo ayé ni kí ẹ ti dáhùn.