Páàdì Bíréèkì Bùrọ̀dá Bàṣírù

"Sàníù, fetí sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

Ohun tí Bùrọ̀dá Bàṣírù sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, agbádá funfun lọ́rùn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ní n ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n juwọ́, wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi. Dírẹ́bà òyìnbó ni wọ́n n'Íbàdàn. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílùú wọn lẹ́yìn òmìnira, ó ta ọkọ̀ eré rẹ̀ fún wọn: ọkọ̀ pupa kúkúrú, aláìlórùlé, àga méjì péré. Agbo ilé wa lẹ́bàá Ẹgbẹ́dá kún fọ́fọ́, ọkọ̀ tí ò lè gbé ìyàwó méjèèjì bàbá wa pọ̀ ni Bùrọ̀dá gbé wálé. Bí òjò bá ṣú, àwa ń kó kòkó wọlé, Bùrọ̀dá ń wá ẹní tí wọn ó fi bo ọkọ̀.

Bí wọ́n bá sì ti tẹ bíréèkì, ọkọ̀ a ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa.

Rùkáyátù ni wọ́n fẹ́ fẹ́. Àfáà Jùbrílù, bàbá ọmọ náà, sọ ọ́ síta ní mọ́sálásí: "Ohun tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ ò ní wọ agbo ilé mi. Bàṣírù, pa á lẹ́nu mọ́ kó tó dọjọ́ ìtọrọ, àbí kó o lọ fẹ́ ọmọ ẹlòmíì."

Gbogbo mọ́sálásí bú sẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì."

"Èmi tí mo wakọ̀ fún òyìnbó?"

Bẹ́ẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan sùpánà rí. Wọ́n ra páàdì tuntun, èyí tó máa ń fún irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ kó lè dúró. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè lójúde, wọ́n fi odó ìyá wa tì í nídìí.

"Bàṣírù, kí ni mo fẹ́ fi gúnyán?"

"Ìyá, ẹ fara dà á. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ni."

"Ìyàwó ọ̀hún ò ní jẹyán ni?"

Wọ́n ki páàdì bọ̀ ọ́, wọ́n dán an wò. Igbe rẹ̀ tún le sí i.

Nílé tiwa, ohun tó bá ń ké, epo ló ń tọrọ. Ilẹ̀kùn ni o, kẹ̀kẹ́ ni o. Ìyá wa gbé àdín jáde. Bàbá Àjàní, aládùúgbò wa, ní irọ́ ni, òrí ló dáa jù. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Bùrọ̀dá gba méjèèjì, wọ́n fi pa páàdì lára bí ọmọ tuntun.

Wọ́n rọra wà á lójúde. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì dúró. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bàbá Àjàní ní òyìnbó ò gbọ́n tó báyìí.

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wọ ìlú Àfáà. Lọ́jọ́ ìtọrọ, Àfáà àti àwọn ará ilé wọn ti múra, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dẹtí. Ọkọ̀ ń bọ̀, kò ké.

"Alhamdulilahi," ni Àfáà wí. "Ó ti dákẹ́."

Kò ké, kò sì dúró. Ó kọjá iwájú wọn, ó lọ já sódò tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà.

Àfáà wá ṣe fìdáù Bùrọ̀dá nílé wa. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ní kí n bu òmíràn sí i. Wọ́n nu ẹnu tán, wọ́n ní, "Àwàdà ni mo ń bá Bàṣírù ṣe. Ká ní ó gbé e wá bẹ́ẹ̀, ṣé mo máa lé e ni?"

Mo gba àwo lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo kó àwo lọ sẹ́yìnkùlé. Ìrẹsì ti gbẹ mọ́ wọn lára. Mo bu omi sí i, mo jókòó, mo ń fọ̀ wọ́n.