Ègé Aṣọ Aláró

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè wọ abẹ́ tábìlì télọ̀ láì bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ mi ní àdúgbò wa ní Ìlá ni kí n máa ṣa ègé aṣọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń da odidi ẹ̀wù nù nítorí pé bọ́tìnnì kan já, ẹ ò lè mọ bí ègé aṣọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ṣe níyì tó nígbà náà.

Kò sí àkísà tí ìyá mi kò rí nǹkan fi ṣe. Èyí tó gùn, wọ́n á ká a, wọ́n á fi okùn yí i, ó di òṣùká tí a ó fi ru iṣu bọ̀ láti oko. Èyí tó nípọn ni wọ́n fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Àpò iyọ̀ tí wọ́n bá fọ̀ tó mọ́ di ìrọ̀rí, wẹ́wẹ́ aṣọ tí kò wúlò fún ohunkóhun mọ́ ni wọ́n á sì kì sínú rẹ̀. Òwú pàápàá, wọn kì í rà á tí wọ́n bá ti rí ẹnu àpò tí wọ́n lè tú. Èmi ni mo máa ń tú u tí mo ń ká a mọ́ igi, bó bá sì já mọ́ mi lọ́wọ́, mo ti mọ̀ pé ìyá mi á bá mi wí.

Àmọ́ aṣọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín kì í ṣe òṣùká. Lẹ́yìn mi, ọmọ méjì ni ìyá mi bí tí wọn kò dúró. Nígbà tí wọ́n bí ẹ̀kẹta, ọkùnrin, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bíi ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ìyá àgbà kan ní agbolé wa pe ìyá mi jókòó. Ìyá àgbà náà ní kí ìyá mi rán aṣọ ìbora fún ọmọ náà, kó jẹ́ ègé aṣọ tí a tọrọ ni wọn yóò fi rán an.

“Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin tí kò sin ọmọ rí nìkan ni kí o ti gbà á o. Ẹyọ kan tó bá ti ibòmíràn wá, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.”

Ẹ bá mi rò ó. Láyé ìgbà yẹn, obìnrin mélòó ni kò sin ọmọ rí? Èmi àti ìyá mi ń ti ojúlé dé ojúlé. A kì í béèrè tààrà. Ìyá mi á kí onílé, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, á máa kà wọ́n nínú ọkàn. Nígbà míì, a ó jáde láì tọrọ nǹkan kan, ìyá mi á sì forí lé ojúlé tó kàn. Wọ́n ránṣẹ́ dé Ọ̀rà sí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ègé mẹ́ta péré ló dé. Gbogbo èyí tí a bá rí ni wọ́n ń rán mọ́ ara wọn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, òwú ẹnu àpò wà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó yá, ó ku ibì kan ṣoṣo láàárín, ibi tí ègé kan máa dí. Kò sí ẹni tí a tún fẹ́ lọ bá, àfi ìyàwó télọ̀ tó lọ sí Ọ̀tan. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó télọ̀ bí ló wà láàyè. Ara àbúrò mi tún gbóná lọ́jọ́ náà, ìyá mi ní kí n sáré lọ wò ó bóyá obìnrin náà ti dé. Mo débẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì.

Ẹkún ni mo ń sun bọ̀ tí ìyá kan tó ń fi aró pa aṣọ fi rí mi. Aláàánú obìnrin ni. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo ní ègé aṣọ ni, mo ní mo fẹ́ fi ṣe òṣùká. Wọ́n wá ọ̀kan fún mi nínú àgékù aṣọ wọn, ó dúdú, ó ń dán, òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé obìnrin náà ti sin ọmọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Mo gbà á.

“Ọwọ́ ta lo ti rí i?” ni ìyá mi bi mí.

“Ọwọ́ ìyàwó télọ̀ ni.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn, n kò sì mọ bí mo ṣe máa gba ọ̀rọ̀ mi padà. Wọ́n parí aṣọ náà lọ́sàn-án yẹn, wọ́n fi bo ọmọ. Àbúrò mi kò rí ọjà kejì.

Wọ́n sin ín tòun ti aṣọ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá mi jókòó ti ìyá àgbà agbolé wa, tí wọ́n ń fi ẹnu ka ègé aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe rántí wọn, ta ló fún wọn ní pupa, ta ló fún wọn ní onílà. Nígbà tí wọ́n kan aláró, ìyá mi ní, “Ìyàwó télọ̀ ni. Ta ló mọ̀ bóyá ó ti sin ọmọ níbi tó ti wá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.”

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò kí ìyàwó télọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Obìnrin náà dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan lọ́nà odò, ó ní, “Jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ ìyá rẹ?” Mo ní n kò mọ̀. Òun náà ti kú báyìí, kò sì sí ẹni tí mo lè lọ bá mọ́, ló ṣe jẹ́ ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún.

Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Àgbà. Ibà ni, aṣọ kọ́ ló pa á.” Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ibà kọ́ ló purọ́ mọ́ ìyàwó télọ̀.

Ayé ti yí padà, mo sì dúpẹ́. Obìnrin tí kò sin ọmọ rí pọ̀ ládùúgbò wa lónìí. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀, iná ni wọ́n ń sọ sí ègé aṣọ, n kò sì mọ ọmọ tó ṣì mọ òṣùká ká. Àfi bí ọmọ-ọmọ mi yìí ṣe rí lórí fóònù aṣọ ìbora tí wọ́n fi ègé aṣọ rán, tó ní òun ló lòde báyìí. Ó ti lóyún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kó ègé aṣọ kún náílọ̀n wá láti Òṣogbo, ó ní kí n bá òun rán irú rẹ̀ fún ọmọ náà. Mo bi í pé ọwọ́ ta ló ti rí wọn.

“Ọwọ́ télọ̀ ni, Màmá Àgbà. Ta ló tún ń béèrè ẹni tó ni ègé aṣọ?”

Mo ń tò wọ́n sórí ẹní nígbà tí mo rí aláró kan láàárín wọn. Mo wò ó títí. Mo wá ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ padà, mo ní ojú mi kò ríran fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó sì kó o lọ. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, èmi fúnra mi ni mo sì ti fi òwú sí i.