Ìrọ̀rí Òkúta Bàbá Ṣọ́jà

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní Ìjẹ̀bú, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ọmọ ọlọ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé ọlọ tí kò lọ́mọ, òkúta lásán ni. Ata ìyá mi sì kì í ṣe kékeré: tó bá ń lọ̀ ọ́, ará abúlé kejì ni yóò máa sín. Lọ́sàn-án, a ó wá ọmọ ọlọ tì. Nírọ̀lẹ́, a ó bá a níbi tó yẹ kó wà.

"Ṣé o fi ń sọ ẹyẹ ni?" Ìyá mi kì í dúró gbọ́ èsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jẹ pàṣán lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí òkúta tí n kò fọwọ́ kàn!

Mo wá ń fura sí gbogbo ẹni tó wà nílé, títí kan ewúrẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yọ́ wọ yàrá Bàbá Ṣọ́jà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti ogun Bọ́mà dé. Ó ń hanrun. Ọmọ ọlọ rèé lábẹ́ orí rẹ̀!

Mo figbe ta, gbogbo ilé pé. Bàbá Ṣọ́jà dìde jókòó, ó ní nígbà tí wọ́n ń sinmi ogun ní Íńdíà, òun rí àpáta ńlá kan tí àwọn àlùfáà Búdà ayé àtijọ́ gbẹ́ di ilé. Kò sí bíríkì kan níbẹ̀. Yàrá, òpó, ibùsùn, àpáta kan náà ni, wọ́n sì gbẹ́ ìrọ̀rí mọ́ ibùsùn. Òun sùn lé e lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọrùn tó ń ro òun láti ojú ogun sì jáwọ́. "Ojú tó ti rí òkun," ó ní, "kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù."

Ìdí ṣì ń ta mí. Mo ní, "Irọ́ ni! Ta ni yóò gbẹ́ ìrọ̀rí sára àpáta?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Onírọ̀rí ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà. Kò sọ ìtàn Íńdíà mọ́ títí ó fi kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé wa níbí nílùú òyìnbó, lẹ́bàá Parsloes Park, mo sọ ìtàn náà fún Simi, ọmọ-ọmọ mi.

"Grandpa, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Irọ́ yìí ti pọ̀ jù, abeg."

N kò bá a wí. Èmi náà ni mo sọ fún un pé ààyè ejò ni mo fi ń di igi ìdáná. Ó tẹ fóònù rẹ̀. Yàrá nínú àpáta ló jáde, ibùsùn òkúta, ìrọ̀rí òkúta níbi orí. Èmi gan-an ní kó wá òmíràn, torí mo ti gbọ́ pé fóònù náà máa ń purọ́. Ó wá mẹ́ta sí i. Bákan náà ni.

"Ẹ má bínú, Grandpa."

Nígbà tiwa, ojú lásán la fi ń fura, pàṣán ló sì ń dáhùn. Lóde òní, ọmọdé á fura, á wádìí, á sì tọrọ àforíjì kí tíì tó tutù. Àforíjì tèmi sí Bàbá Ṣọ́jà fi gbogbo ọjọ́ ayé mi rìn kó tó délé. Kò bá onílé.